Òkèèrè Ni A Ti Ń Wò Ó: Àgbéyẹ̀wò Ìwádìí Lórí Àmì Àkọ́kọ́ Àìsàn Kíndìnrín Àjogúnbá

Láti Ogui, àdúgbò àtijọ́ tí ó wà ní àárín gbùngbùn ìlú Enugu, dé Ituku-Ozalla, níbi tí Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Yunifásítì Nàìjíríà kó lọ ní ọdún 2007, ọ̀nà náà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 21 lọ, ọkọ̀ a sì máa rìn ín tán kí oúnjẹ òwúrọ̀ tó dà nínú ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí àìsàn kíndìnrín ń gbé gba ojú ọ̀nà yìí kì í sábà tètè dé ibẹ̀, nítorí pé àìsàn náà kì í kan ìlẹ̀kùn kí ó tó wọlé, kì í sì í dun ni ní ojú kan pàtó tí a lè fi ìka tọ́ka sí, àfi ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wú, tí ojú bá ń wú ní òwúrọ̀, tí oúnjẹ kò wu ni jẹ mọ́, tí èémí sì ń ká ni láyà, nígbà náà ni dókítà yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí yóò sì rí i pé iṣẹ́ kíndìnrín ti bàjẹ́ kọjá ohun tí oògùn lè tún ṣe. Igi tí yóò gún ni lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ohun tí mo sì fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni pé, nínú àìsàn kíndìnrín tí a jogún láti ara baba àti ìyá, kí ni ìwádìí ti fi hàn wá láti òkèèrè, báwo ni òkèèrè náà ti jìnnà tó, àti pé nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jogún rẹ̀, ta ni àìsàn náà yóò mú ní tòótọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí àyẹ̀wò tí ó wọ́pọ̀ fi máa ń pẹ́ lẹ́yìn àìsàn. Kíndìnrín méjèèjì, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11 lọ, ni Ẹlẹ́dàá fi ajọ̀ tín-ín-tìn-ín bíi mílíọ̀nù kan sí nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọ̀sán kan àti òru kan wọn a máa jọ̀ omi tí ó tó lítà 180 kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, wọn a sì dá gbogbo rẹ̀ padà sínú ara, àfi lítà kan tàbí méjì tí ó bá pàǹtí lọ gẹ́gẹ́ bí ìtọ̀. Nítorí pé ajọ̀ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí díẹ̀ nínú wọn bá kú, àwọn tí ó kù a gba ẹrù wọn rù, wọn a sì máa ṣe iṣẹ́ náà ní àṣekún láìráhùn, títí tí àárẹ̀ yóò fi mú àwọn náà. Creatinine, pàǹtí iṣan ara tí àwọn dókítà ti ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ láti fi mọ ipò kíndìnrín, kò lè rí àṣekún yìí; ìdajì iṣẹ́ kíndìnrín lè ti lọ kí òǹkà rẹ̀ tó kúrò ní ibi tí ìwé àyẹ̀wò ń pè ní déédéé. Bí ẹni pé èyí kò tó, ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn ilé ìwòsàn tí ń tẹ̀lé ìlànà wọn, wọn a máa fi iye kan kún òǹkà iṣẹ́ kíndìnrín ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí kíndìnrín tí ó ti ń rẹ̀yìn a fi dà bí èyí tí ó ṣì le koko, àṣà tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn kíndìnrín ilẹ̀ náà kò pa tì títí di ọdún 2021. Ó dùn mí pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí òǹkà bá sọ fún pé ara rẹ̀ le, kò ní ìdí tí yóò fi padà wá.

Àìsàn kíndìnrín tí ń ti inú ìdílé wá kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan wà tí ó máa ń fi àpò omi kún kíndìnrín títí tí yóò fi tóbi ju bí ó ti yẹ lọ. Òbí tí ó bá ní in, ó ṣeé ṣe kí ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀ jogún rẹ̀. Ní 1985 ni wọ́n mọ̀ pé orí chromosome 16 ni orísun rẹ̀ wà, ní 1994 ni wọ́n sì mú jíìnì náà, PKD1, gan-an. Àmì àkọ́kọ́ rẹ̀ ni títóbi kíndìnrín fúnra rẹ̀, tí ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara a máa fi hàn ní ọ̀pọ̀ ọdún kí creatinine tó gòkè. Òmíràn, tí wọ́n ń pè ní àìsàn Alport, a máa fi ẹ̀jẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí sínú ìtọ̀ ọmọdé kí ó tó di pé etí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í di. Jákèjádò ayé ni àwọn wọ̀nyí wà, n kò sì ní dúró pẹ́ lórí wọn. Èyí tí ó sún mọ́ wa jù wọ́n lọ ni ti ẹ̀jẹ̀ SS, fòníkú-fọ̀la-dìde, nínú èyí tí kíndìnrín ọmọ a ti kọ́kọ́ pàdánù agbára àtidá omi dúró sínú ara, tí ọmọ náà a sì máa tọ̀ sórí ẹní ní òru lẹ́yìn ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jáwọ́, tí àwọn òbí a máa nà án, tí wọn a máa fi ṣẹ̀sín, nígbà tí ó jẹ́ pé àmì àìsàn ni ọmọ náà ń fi hàn wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni kíndìnrín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kí purotéènì tó wá máa jò sínú ìtọ̀.

Ṣùgbọ́n àjogúnbá tí ó ti gba ẹnu gbogbo oníṣègùn kíndìnrín kan láti ọdún 2010 ni ti jíìnì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ APOL1, ìtàn rẹ̀ kò sì ṣeé pa láìdárúkọ Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé. Níbẹ̀ ni ìdílé Yorùbá 30, baba, ìyá àti ọmọ kan láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní HapMap, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi sì wà lára àwọn tí wọ́n lọ jókòó bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó na apá. Ẹ̀jẹ̀ àádọ́rùn-ún ènìyàn yìí, tí a tọ́jú sí ilé Coriell ní New Jersey, ni àwọn olùwádìí gbogbo àgbáyé wá ń lò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú ìran àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 2008, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì kéde pé jíìnì kan tí ń jẹ́ MYH9, lórí chromosome 22, ni ó fà á tí àìsàn kíndìnrín fi ń pọ̀ lára aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ju ti òyìnbó lọ. Ojú ibi tí wọ́n wò dára, ṣùgbọ́n aládùúgbò MYH9 ni ó ni ọ̀ràn náà. Ní 2010 ni Giulio Genovese, David Friedman, Martin Pollak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Boston, àti àwọn tí ń bá Karl Skorecki ṣiṣẹ́ ní Haifa, tọ́ka sí APOL1. Àyípadà méjì ni ó wà lára rẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n sọ ní G1, lẹ́tà méjì ni ó yí padà, tí purotéènì tí jíìnì náà ń mọ fi gba èròjà mìíràn ní ipò 342 àti ní ipò 384. Nínú G2, lẹ́tà mẹ́fà ni ó já bọ́, tí èròjà ipò 388 àti ti 389 sì dàwátì. Nínú ìwé ìran ènìyàn, tí lẹ́tà inú rẹ̀ tó bílíọ̀nù mẹ́ta, kò sí ẹni tí yóò kà á sí ohun ńlá. Síbẹ̀, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá gbogbo ẹ̀dà jíìnì yìí ni ó jẹ́ G1. Lára àwọn ará Yúróòpù, a kò rí i.

Báwo ni ohun tí ń ba kíndìnrín jẹ́ ṣe wá gbilẹ̀ tó báyìí láàárín wa? Tibi tire ni a dá ilé ayé. Àwọn tí wọ́n ti da màlúù gba ilẹ̀ wa kọjá mọ ohun tí eṣinṣin irù ń ṣe, nítorí kòkòrò trypanosome tí ó ń gbé kiri a máa pa ẹran ọ̀sìn ní àpatúnpa. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ nítorí rẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1947, ní Kaduna àti ní Vom. Ní 1902 ni Alphonse Laveran ti ṣàkíyèsí pé omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn a máa pa kòkòrò náà. Ó di 2003 kí àwọn tí ń bá Etienne Pays ṣiṣẹ́ ní Brussels tó fi hàn pé purotéènì APOL1 ni ohun ìjà tí ara ènìyàn ń lò. Àwọn ẹ̀yà kòkòrò méjì kan ti kọ́ bí a ti ń yẹ ohun ìjà yìí sílẹ̀, àwọn ni ó sì ń fa àrùn oorun: èyí tí ó wà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, G2 a máa ṣẹ́gun rẹ̀, èyí tí ó wà lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ó ní G1 lè gbé e sínú ẹ̀jẹ̀ láìdùbúlẹ̀ àìsàn. Nítorí náà, àwọn baba ńlá wa tí wọ́n ní àyípadà yìí yè, wọ́n sì bí ọmọ, àwọn ọmọ wọn sì bí wa. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí àwọn tí wọ́n bá gbọ́ pé àìsàn ń ti ìdílé wá a máa wá ẹni tí ó ṣẹ̀ nínú ìran náà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀, ogún àwọn tí wọ́n là á já ni.

Lẹ́yìn Boston àti Haifa, ọ̀rọ̀ náà dé Enugu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ifeoma Ulasi, oníṣègùn kíndìnrín ní Ituku-Ozalla, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, pẹ̀lú àwọn ará Haifa, kó ọmọ Igbo 44 tí àìsàn kíndìnrín ń ṣe, tí kì í ṣe àtọ̀gbẹ ni ó fà á, àti 43 tí kíndìnrín wọn dá ṣáṣá, wọ́n sì ka jíìnì wọn. Ọdún 2013 ni àbájáde náà jáde. Lára àwọn tí ara wọn dá, ìdá 23.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó jogún àyípadà náà láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì, iye tí ó wà lára èyí tí ó ga jù lọ tí a tíì rí níbikíbi títí di ìgbà náà. Lára àwọn aláìsàn, ó jẹ́ ìdá 66. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ipa ọjọ́ orí, ìyàtọ̀ akọ àti abo, HIV àti àwọn nǹkan mìíràn kúrò, ìṣeéṣe àìsàn fún ẹni tí ó ní ẹ̀dà àyípadà náà méjì ṣì jẹ́ ìlọ́po 4.8. Iṣẹ́ kékeré ni bí a bá ka iye ènìyàn inú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ka á sí iṣẹ́ ńlá, nítorí títí di ìgbà náà ẹnu àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni a ti ń gbọ́ ìtàn àìsàn yìí, bí ẹni pé kò sí àwọn ìbátan wọn nílé tí ẹnikẹ́ni lè bi léèrè.

Enugu kò dá dúró. Ìwádìí tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní H3Africa, tí owó rẹ̀ ti Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, dá ẹgbẹ́ ìwádìí kíndìnrín kan sílẹ̀ ní Nàìjíríà àti Ghana, nínú èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinlolu Ojo, Ọ̀jọ̀gbọ́n Dwomoa Adu ti Accra, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ulasi, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Rasheed Gbadegesin tí ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Duke wà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: àwọn tí ó wà nílé ni ó mọ aláìsàn àti èdè rẹ̀, àwọn tí ó wà lókè òkun ni ó ní ẹ̀rọ tí ń ka jíìnì. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde wọn jáde ní ìparí ọdún 2024, ènìyàn 8,355 ni ó wà nínú rẹ̀: 4,712 tí àìsàn kíndìnrín wọn wà ní oríṣiríṣi ìpele, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, 866 tí dókítà ti gé ẹran díẹ̀ lára kíndìnrín wọn láti fi mọ irú àìsàn tí ó ń ba ajọ̀ náà jẹ́, àti 2,777 tí kò ní àìsàn náà. Nínú gbogbo wọn, ìdá 43.0 nínú ọgọ́rùn-ún ní ẹ̀dà kan, ìdá 29.7 sì ní méjì.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí, nítorí ibí ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó bá pa òǹkà méjèèjì pọ̀ yóò rí i pé ó lé ní ènìyàn méje nínú mẹ́wàá tí ó gbé ó kéré tán ẹ̀dà kan rìn. Ìwádìí náà fi hàn pé ẹni tí ó ní ẹ̀dà méjì ní ìṣeéṣe àìsàn kíndìnrín tí ó jẹ́ ìlọ́po 1.25 ti àwọn yòókù, àti ìlọ́po 1.84 fún FSGS, irú èyí tí àpá a máa mú lójú ajọ̀ kíndìnrín; ṣùgbọ́n ohun tí ó ya àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́nu ni pé ẹ̀dà kan ṣoṣo náà kò dákẹ́, ó mú àìsàn náà lọ sókè ní ìlọ́po 1.18, ó sì mú FSGS lọ sókè ní ìlọ́po 1.61, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Amẹ́ríkà pé ẹ̀dà méjì ni ó léwu, pé ẹni tí ó ní ẹyọ kan kò ní ìyọnu. Ìwé tí a kọ láti ara àwọn tí a kó lọ sí oko ẹrú kò lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn tí ó kù nílé. Bákan náà, ìlọ́po 4.8 ti Enugu àti 1.25 ti ìwádìí ńlá kò ta ko ara wọn bí ó ti lè dà bí ẹni pé wọ́n ṣe: àwọn ará Enugu ṣa àwọn aláìsàn tí kì í ṣe àtọ̀gbẹ ni ó fà tiwọn, wọ́n sì kéré níye, tí òǹkà kékeré a sì máa fò sókè fò sílẹ̀, àwọn ti ìwádìí ńlá kó gbogbo ìpele pọ̀, ní ilẹ̀ tí ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru, àkóràn àti agbo tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti ń ba kíndìnrín àwọn tí kò jogún ohunkóhun jẹ́ pẹ̀lú. Nàìjíríà pàápàá kì í ṣe ẹyọ kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí láàárín àwọn tí wọ́n ń gba ìtọ́jú HIV ní Kano, àwọn tí ó ní ẹ̀dà méjì kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé, lọ́dọ̀ tiwa, jíìnì nìkan kò lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́. Àmì tí ó bá wà lára ènìyàn méje nínú mẹ́wàá kò lè dárúkọ ẹni tí yóò ṣàìsàn. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ dúdú ti ní ẹ̀dà méjì, nínú wọn, nǹkan bí ènìyàn 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni àìsàn kíndìnrín ń mú ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Àwọn yòókù a sì darúgbó, wọn a sì kú ikú mìíràn. Ohun mìíràn ní láti gba ẹnu ilẹ̀kùn tí jíìnì ti ṣí sílẹ̀ wọlé kí àìsàn tó dé. HIV jẹ́ ọ̀kan tí a mọ̀ dájú: ní South Africa, ìwádìí 2015 fi hàn pé, láàárín àwọn tí wọ́n ní kòkòrò HIV, ẹ̀dà méjì mú àìsàn kíndìnrín tí HIV ń fà lọ sókè ní ìlọ́po 89. Mo sì máa ń ronú nípa àwọn ọmọdé Ìbàdàn tí àwọn dókítà Gilles àti Hendrickse kọ̀wé nípa wọn ní 1963, àwọn ọmọ tí ara wọn wú, tí purotéènì ń jò sínú ìtọ̀ wọn, tí wọ́n bá kòkòrò ibà kan tí ń jẹ́ Plasmodium malariae nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, tí oògùn ibà sì pa kòkòrò náà láìmú wíwú wọn lọ. Kòkòrò náà ni wọ́n dá lẹ́bi nígbà náà. Kò sí ẹni tí ó lè béèrè nígbà náà bóyá àwọn ọmọ tí kíndìnrín wọn kò gbà á ni àwọn tí wọ́n jogún ohun kan. Ìbéèrè náà ṣeé béèrè lónìí, ó sì yẹ kí a béèrè rẹ̀.

Nítorí náà ni àwọn olùwádìí ṣe ń wá ẹlẹ́rìí kejì, èyí tí yóò fọhùn láàárín àkókò tí a jogún jíìnì, tí ó jẹ́ ọjọ́ tí a lóyún ẹni, àti àkókò tí creatinine gòkè, tí ó jẹ́ ìgbà tí ọwọ́ ti bọ́. Wọ́n ń wọn KIM-1, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì inú kíndìnrín a máa tú sínú ìtọ̀ nígbà tí wọ́n bá farapa. Wọ́n ń wọn purotéènì kan tí ń jẹ́ suPAR nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 2011 wọ́n kéde pé òun gan-an ni ó ń fa FSGS, ọ̀pọ̀ sì ṣiyè méjì, awuyewuye náà le. Ní 2017 ìwádìí mìíràn wí pé nínú àwọn tí ó ní ẹ̀dà APOL1 méjì, àwọn tí suPAR wọn ga ni kíndìnrín wọn ń yára rẹ̀yìn. Ìrètí wà nínú gbogbo wọn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí ó dúró ṣinṣin jù lọ, tí iye owó rẹ̀ sì kéré jù lọ, ni albumin, purotéènì kan tí kò yẹ kí ajọ̀ tí ó pé pérépéré jẹ́ kí ó jò. Bí ó bá ti dé mílígíráàmù 30 fún gíráàmù creatinine kan nínú ìtọ̀, ajọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya, bí ẹni tí ó ni ín tilẹ̀ ń sáré tí ó ń fò.

Wíwá purotéènì nínú ìtọ̀ kò nílò ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ wo bí a ti ń ṣe é. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí kò fẹ̀ ju nǹkan bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ, tí àwọn àpótí aláwọ̀ kéékèèké tò sí ara rẹ̀. A ó tì í bọ inú ìtọ̀ tútù, a ó fà á yọ kíá, a ó fi etí rẹ̀ nu ẹnu ife kí omi má bàa ti inú àwọ̀ kan ṣàn sínú èkejì, a ó sì dúró fún ìṣẹ́jú kan. Àpótí tí ó jẹ́ ti purotéènì, àwọ̀ ìyeyè ni ó máa ń ní. Bí ó bá dúró bẹ́ẹ̀, ó dára. Bí ó bá di àwọ̀ ewé, tí ewé náà sì ń jinlẹ̀ sí i, purotéènì ń jò. Kì í rí èyí tí ó kéré jọjọ, nítorí náà ẹni tí àìsàn yìí bá wà nínú ìdílé rẹ̀ ní láti lọ ṣe àyẹ̀wò albumin gan-an ní láàbù, kí ó sì jẹ́ ìtọ̀ àkọ́tọ̀ òwúrọ̀. Kí ó sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú: nígbà tí àwọn oníṣègùn Enugu yẹ àwọn oníṣòwò ọjà ìlú náà wò, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011, ó lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀.

Bí kò bá sí ohun tí a lè ṣe lẹ́yìn tí a bá rí àmì, ẹlòmíràn lè sọ pé kí ni àǹfààní rírí i. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí ń dín purotéènì kù, wọ́n sì wà ní ilé oògùn. Ní 2023 ni ìròyìn mìíràn jáde nípa oògùn tí wọ́n ń pè ní inaxaplin, tí ó dojú kọ APOL1 fúnra rẹ̀. Orúkọ ẹni àkọ́kọ́ lórí ìwé náà ni Dókítà Ogo Egbuna. Purotéènì tí G1 àti G2 ń mọ a máa lu ihò sí ara sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣọ́ ojú ajọ̀, tí ohun inú sẹ́ẹ̀lì náà a sì máa tú dànù. Oògùn yìí a máa dí ihò náà. Nínú ènìyàn 13 tí wọ́n wò, tí gbogbo wọn ní ẹ̀dà méjì pẹ̀lú FSGS, purotéènì inú ìtọ̀ wọn fi ìdá 47.6 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 13. Ènìyàn 13 kò pọ̀, ìwádìí tí ó tóbi jù ú lọ sì tẹ̀ lé e. Bí ó bá yọrí sí rere, ìdánwò jíìnì yóò di ohun tí ó ní iṣẹ́ gidi láti ṣe: ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá ti fọhùn ni a ó ka jíìnì rẹ̀, kí a lè mọ oògùn tí ó tọ́ sí i.

Ohun méjì ni mo bẹ̀rù. Èkíní ni ìgbéyàwó. A ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa láti béèrè genotype ara wọn kí wọ́n tó fẹ́ra, AS pẹ̀lú AS a sì máa pínyà pẹ̀lú omijé, èyí sì ní ìdí, nítorí ọmọ tí ó bá jẹ́ SS yóò ṣàìsàn. APOL1 kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ tí ó jẹ́ pé àwọn tí kò ní in rárá ni ó kéré, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ṣe òfin ìgbéyàwó yóò tú ọ̀pọ̀ ìdílé ká nítorí àìsàn tí kì í mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó jogún rẹ̀. Ìkejì ni ti ẹni tí ń fi kíndìnrín tọrẹ. Láti ìgbà tí ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó ti kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín ní Nàìjíríà ní 2000, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, òbí tàbí ọmọ ni ó sábà ń na ara sílẹ̀ fún ìbátan rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ba ti aláìsàn jẹ́ lè wà lára ẹni tí ń tọrẹ, kíndìnrín tí ó ní ẹ̀dà méjì sì ti hàn pé kì í pẹ́ tó èyí tí kò ní in lára ẹni tí a fi sí. Ìfẹ́ kò gbọ́dọ̀ mú wa fi aláìsàn kejì san gbèsè ti èkíní. Bí ìdánwò jíìnì bá ní ibì kan tí ó ti gbọ́dọ̀ ṣáájú, ibí yìí ni.

Ní 2025 ìjọba àpapọ̀ kéde pé iye tí a ń san láti fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kíndìnrín lẹ́ẹ̀kan yóò wálẹ̀ láti 50,000 naira sí 12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba kan, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni aláìsàn yẹ kí ó lọ síbẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí a dá fún un pé yóò parí. Nítorí náà ni mo ṣe ń fẹ́ kí iṣẹ́ náà yí padà sẹ́yìn, láti orí ẹ̀rọ sí orí ìdílé. Nígbà tí ọkùnrin ẹni ogójì ọdún kan láti Ogui bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ní Ituku-Ozalla, a mọ orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀, a mọ iye ọmọ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó sí ìta pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ. Kò sí ìwádìí kankan tí a ní láti dúró dè kí a tó sọ fún un pé kí àwọn ọmọ náà gbé ìtọ̀ òwúrọ̀ wọn wá, kí wọ́n sì tún padà gbé e wá lọ́dọọdún. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni kí wọ́n má fi àwọn 8,355 náà sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìwé ti jáde, kí wọ́n máa tọ àwọn 2,777 tí ara wọn dá lẹ́yìn fún ogún ọdún, kí a lè rí èyí tí albumin rẹ̀ kọ́kọ́ jò, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ní ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀, yálà ibà ni tàbí oyún tàbí oògùn tí ó rà lójú pópó, àti ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà náà tí kò sí nínú ti àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jogún G1.